Ẹsẹ̀ Òsì Tí Wọn Kì Í Mú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Òrùlé gbọ̀ngàn tún ń jò níbi tí a ń kó bàtà sí, bàtà mi nìkan sì ni omi rí dà sí nínú gbogbo bàtà tó wà níbẹ̀.

Kóòṣì pè wá jọ lẹ́yìn ìdánrawò. Wọ́n ní Pẹ́ńpẹ́ ò lè sọ̀ kalẹ̀ sí kílò mẹ́tàléláàádọ́ta mọ́, ara rẹ̀ ti ju ibẹ̀ lọ, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló kù fún un. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni tèmi. Ó ti jẹ́ tèmi láti ìgbà tí Pẹ́ńpẹ́ ṣì ń fi ìka kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka oókan, eéjì. Ẹnì kan ṣoṣo sì ni ẹgbẹ́ ìjàkadì máa mú lọ sí ìdíje àgbáyé nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, nítorí náà èmi àti òun la máa jọ jà á. Àbámẹ́ta méjì ni, ìjà kan lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí kálukú bá borí lẹ́ẹ̀kan, a ó ja ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kejì yẹn náà.

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò burú, kó máa bọ̀. Pẹ́ńpẹ́ ń wolẹ̀, ó ń tú okùn bàtà tó ti tú tẹ́lẹ̀.

A jọ wọ ọkọ̀ délé, nítorí ilé kan náà là ń gbé. Yàrá ẹ̀yìn ilé mi ló ti ń sùn láti ìgbà tí mo ti lọ bá bàbá rẹ̀ pé kó fún mi lọ́mọ náà, mo fẹ́ fi ìjàkadì sọ ọ́ di èèyàn. Ó ti di èèyàn báyìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Kóòṣì wé tépù mọ́ ìka Pẹ́ńpẹ́ lónìí. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wé e, wọ́n jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wé e níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi í pé ṣé kò le jù.

Èmi nìkan ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Gbogbo ẹni tó ti kọjá ní gbọ̀ngàn yẹn ló ń wé tiẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ju tépù tó kù sí mi, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ìwọ ti mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́. Mo wé e, mo tú u, mo tún un wé. Kò dúró dáadáa títí ìdánrawò fi parí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ọgọ́ta kílò àti díẹ̀. Òṣùwọ̀n yẹn ò fẹ́ràn mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Owó ẹyin tún ti lé sí i. Ẹyin méjì àti ọsàn kan ni mo jẹ láàárọ̀, mo jókòó tì í kó lè pẹ́ lẹ́nu mi. Ní iwájú mi, Pẹ́ńpẹ́ ń jẹ búrẹ́dì. Ó fi bọ́tà sí i, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó tún fi bọ́tà sínú ibi tó ṣẹ́. Ó jẹ gbogbo ìyẹn tán, ó sì bọ́ sórí òṣùwọ̀n nínú bálùwẹ̀, mo gbọ́ tó ń kọrin níbẹ̀.

Ọkọ mi ní kí n yé wo ẹnu ọmọ ọlọ́mọ, oúnjẹ lè há a lọ́fun. Káfíńtà ni, ó rò pé gbogbo nǹkan ló ṣeé fi ẹ̀rín fá létí kó dán. Mo bi í pé ta ló máa fẹ́ kó lọ nínú wa méjèèjì. Ó ní ibo lòun lè gbà dáhùn irú ìbéèrè yẹn kó ṣì rí oúnjẹ alẹ́ jẹ. Mo ní kó dáhùn. Ó ní, "Ìwọ ni ìyàwó mi." Mo ní ìyẹn kọ́ ni mo bi í.

Ó dìde, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo gbọ́ tí ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó tó di pé ó lè ti rí igi tó fẹ́ gé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Màmá mi wá kí wa. Wọ́n di Pẹ́ńpẹ́ mú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń tẹ èjìká rẹ̀ wò bí ẹni tó fẹ́ rà á. "Ọmọ yìí ti gbó o. Ẹ wo apá." Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní mo ti rù, ṣé mò ń sùn ni.

Wọ́n dúró wo àwọn àmì ẹ̀yẹ góòlù mi lára ògiri. Ti ilẹ̀ wa wà níbẹ̀, mi ò ka iye rẹ̀ mọ́. Fàdákà méjì ti àgbáyé náà wà níbẹ̀, mo fi wọ́n kọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí àga ti bò wọ́n díẹ̀. Góòlù àgbáyé nìkan ni mi ò ní. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, lẹ́yìn èyí kò sí òmíràn. Màmá mi mọ̀. Wọ́n ní, "Tí kò bá sì bọ́ sí i fún ẹ, ṣebí ilé kan náà ló máa wọ̀ náà."

Mo lọ fọ abọ́.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Obìnrin kan wá láti ẹgbẹ́ mìíràn láti wá bá wa ṣe ìdánrawò. Kó tó bọ́ bàtà ni Kóòṣì ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n nawọ́ sí mi: "Ẹsẹ̀ òsì yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Gbogbo ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún mi. Ẹ mú ọ̀tún, ẹ mú ọrùn, ẹ mú ìbàdí, òsì kò sí nínú rẹ̀. Pẹ́ńpẹ́ ní, "Òfin kìíní nìyẹn. Òfin kejì, ẹ má jẹ́ kí ebi pa Ẹ̀gbọ́n." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí Kóòṣì fi fọn fèrè.

Ọdún tí mo ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn náà ni Pẹ́ńpẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ara mi ló fi kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Mi ò rí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀ rí, àní nínú eré.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Oníròyìn kan wá pẹ̀lú ẹni tó ń ya fọ́tò. Mo ti fi òróró pa ojú mi kí wọ́n tó dé. Wọ́n ya èmi àti Pẹ́ńpẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ayafọ́tò yẹn fi ọwọ́ ṣe mí báyìí, bí ẹni ń lé eṣinṣin: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, òjìji yín ń bọ́ sójú wọn."

Mo sún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà

Ìwọ̀n. Láti àná, omi ò kan ẹnu mi àfi èyí tí mo fi fọ ẹnu, mo sì tu ìyẹn dànù. Mo wọ súwẹ́tà méjì, mo ń sáré yí gbọ̀ngàn po nínú ooru. Mo bọ́ sórí òṣùwọ̀n, ó kù díẹ̀. Mo bọ́ yẹtí, mo bọ́ okùn tí mo fi di irun. Ó wọlé.

Pẹ́ńpẹ́ bọ́ sórí rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ọsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kó gbé ọsàn sílẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà, òun àti ọsàn náà á jọ wọlé. Wọ́n jọ wọlé.

Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí mo sọ nínú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Mo borí. Méjì sí ọ̀kan.

Mo mú ọrùn rẹ̀ ní ìlàjì àkọ́kọ́, mo gbé e dálẹ̀, wọ́n fún mi ní méjì. Ní ìlàjì kejì ó tì mí jáde kúrò nínú àmì tó yí ẹní ká, wọ́n fún un ní ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ mi ti di igi. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ara ò dáhùn.

Ó kù díẹ̀ kí fèrè dún. Ẹsẹ̀ òsì mi wà níwájú, gbogbo ìwúwo mi wà lórí rẹ̀, mi ò lè fà á padà. Pẹ́ńpẹ́ ti tẹ̀ ba. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń bọ̀, mo rí ìka rẹ̀ tó là sílẹ̀. Mo ti mọ̀ nínú mi pé ó ti parí. Àfi bí ọwọ́ yẹn ṣe yà, bí ẹni tó fẹ́ gbé ìkòkò tó wá rántí pé iná wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lọ sí ọ̀tún. Mi ò sí ní ọ̀tún. Fèrè dún.

Rẹfirí gbé ọwọ́ mi sókè. Pẹ́ńpẹ́ dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ kú oríire, Ẹ̀gbọ́n." Ó sọ ọ́ látọkànwá, ìyẹn ló sì bí mi nínú jù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Mo wà nínú bálùwẹ̀ gbọ̀ngàn, omi ti tán lórí mi, mo ń wá tówẹ̀lì. Àwọn obìnrin méjì tó ń jà ní kílò méjìlélọ́gọ́ta wọlé, wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

"Ṣé o rí ìgbẹ̀yìn yẹn?"

"Ta ni ò rí i? Ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀."

"Ó dá a sí ni jàre. Ṣé o fẹ́ kó ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín burúkú kọ́, ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ẹ̀rín àánú ni. Mo dúró síbẹ̀ ní ìhòòhò títí tí wọ́n fi jáde, òtútù ń mú mi.

Ó dá mi sí. Pẹ́ńpẹ́ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà ìjà ló wá ń dá mi sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ká a mọ́ ibi tó ti ń sá aṣọ. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò mú ẹsẹ̀ mi?"

Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń na ojú aṣọ. Mo tún bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ mú un. Lóòótọ́ ni mo fẹ́ mú un. Ọwọ́ mi ló kọ̀."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ mi. Ó ti débẹ̀, ó kàn yà fúnra ẹ̀. Mo ti ń ronú ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mi ò sùn dáadáa." Omi ti wà lójú rẹ̀. "Ṣé ẹ rò pé mi ò fẹ́ lọ ni? Mo fẹ́ lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú. Mo fẹ́ lọ gan-an."

Mo rò pé màá láyọ̀ pé kò dá mi sí. Mi ò láyọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé òfin Kóòṣì ló borí ìjà yẹn fún mi, kì í ṣe èmi. Bí mo bá tún borí lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tún sọ ọ́ nínú bálùwẹ̀, wọ́n á sì máa sọ ọ́ títí màá fi darúgbó.

Mo ní kó kó aṣọ yẹn sílẹ̀, kó máa tẹ̀ lé mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi la ti ń ṣe é, nítorí Kóòṣì á pa wá bí wọ́n bá gbọ́. A sún tábìlì ìgégi sí ẹ̀gbẹ́, a tẹ́ mátíràsì àlejò sílẹ̀. Mo na ẹsẹ̀ òsì síwájú, mo ní mú un. Ó dì í mú bí ẹni di ẹyin mú. Mo ní kó mú un dáadáa. Ó mú un, ó fi sílẹ̀. Mo gbá a lórí.

Ọkọ mi jókòó sórí pákó, ó ń mu tíì. "Tí wọ́n bá ní kí n ṣàlàyé irú obìnrin tí mo fẹ́, mi ò ní mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. O fẹ́ borí ẹ̀, o wá ń kọ́ ọ bó ṣe máa gbé ẹ ṣubú."

Mo ní kó máa mu tíì rẹ̀.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó dájú, nítorí bí Pẹ́ńpẹ́ ṣe ń wò mí, bí ẹni pé ẹni rere ni mí. Inú rere kọ́. Owú ni. Mo fẹ́ borí rẹ̀ kó má sí ẹnì kankan láyé tó máa lè sọ pé ẹnu ọ̀nà kan wà tí kò gbà wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń yà. Ó ń bú u, ó ń fi ọwọ́ kejì gbá a.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó mú un.

Mi ò tíì sọ pé kó mú un rárá, mò ń sọ̀rọ̀ fún ọkọ mi lọ́wọ́. Mo kàn rí ara mi lókè, mo tún rí ara mi nílẹ̀, eruku igi wọ imú mi. Orúnkún náà dún. Pẹ́ńpẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi dìde.

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó dùn mí dénú egungun. Èyí tó dùn mí ju ìyẹn lọ ni pé ó dára. Ó wọlé láti ìsàlẹ̀, ó fi orí ti ìbàdí mi, ó yí. Ó gbà mí lọ́dún méjì kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ló gbà á, nínú eruku igi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Kóòṣì rí orúnkún mi tó wú. Wọ́n bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní mo yọ̀ nínú bálùwẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Pẹ́ńpẹ́ tó ń wo òrùlé. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé itan wọn, wọ́n fi yìnyín sí i.

Mo rọra wo ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè mọ̀ bóyá Pẹ́ńpẹ́ ń wò wá. Ó ń wò wá. Ara mi yá díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Òjò, òtútù, gbọ̀ngàn kún.

Ìjà àkọ́kọ́, ó fi apá lásán borí mi. Kò wá ẹsẹ̀ rárá. Ó dì mí níbàdí, ó tì mí, ó tún tì mí. Mẹ́rin sí òdo.

Wọ́n fún wa ní ìsinmi kí a tó ja ẹ̀kẹta. Mo bojú pẹ̀lú tówẹ̀lì, mo sọ fún ara mi pé mi ò ní jẹ́ kí ọmọ yìí gba ilé mi, kóòṣì mi, ìyá mi, kó tún wá gba èyí. Mo dìde pẹ̀lú ìyẹn. Mo jà. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á sọ pé mo jà. Mo gbé e dálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ẹní fún ìṣẹ́jú akàn, mẹ́rin sí méjì ni mo fi ń ṣíwájú, mo sì gbọ́ tí ọkọ mi ń pariwo orúkọ mi tí kì í pè nílé.

Ẹsẹ̀ òsì wà lẹ́yìn. Mo fi pa mọ́ bó ṣe yẹ. Ó fa ọwọ́ mi, mo ní láti gbé ẹsẹ̀ yẹn kí n má ṣubú. Kò ju pé mo gbé e lọ. Orí rẹ̀ ti wà níbàdí mi. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, mo dúró dè é kó yà.

Kò yà.

Mo bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn mi, ó sì tẹ èjìká mi méjèèjì mọ́ ẹní. Rẹfirí fi ọwọ́ gbá ẹní. Ó parí nìyẹn. Gbogbo èèyàn dìde, ariwo ta, mo sì gbọ́ ohùn Kóòṣì lábẹ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n ń bi ẹnì kan pé, "Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ó gbé tíì wá sẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀. Mo jẹ́ kó tutù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo jẹ búrẹ́dì, mo sì fi bọ́tà sí i. Kò dùn tó bí mo ṣe rò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Kóòṣì wá sílé. Wọn ò jókòó. Wọ́n ní Pẹ́ńpẹ́ nílò ẹni tí wọ́n á máa jọ ṣe ìdánrawò títí tó fi máa lọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń jà bí àwọn tó máa bá pàdé lóhùn-ún. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Wọ́n ní, "Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ." Mo ní wọn ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, eruku igi wà nínú irun ẹ lọ́jọ́ tí orúnkún ẹ wú."

Mo sunkún níwájú wọn. Mo sọ ọ́ jáde bó ṣe rí, pé mò ń jowú ọmọ náà, mo ń jowú ẹ̀ débi pé oúnjẹ tó ń jẹ ń dùn mí. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀. Wọ́n ní ìdánrawò máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà, kí n má pẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù keje

Mo lọ. Mi ò dẹwọ́ fún un rárá. Mo gbé e lulẹ̀ títí tí àwọn tó kù fi dúró láti máa wò wá. Ó ń dìde, ó ń dúpẹ́. Mo ní kó yé dúpẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Pẹ́ńpẹ́ fi èjìká ọ̀tún ṣubú. Ó ní kò dun òun. Irọ́ ni. Mo rí bó ṣe ń wọ aṣọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò tíì mọ bí màá ṣe sọ ọ́.

A ń jà, mo ń bínú, nítorí láàárọ̀ yìí ni aṣọ tí ẹgbẹ́ rán fún un dé, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà. Mo ní ní tòní, yóò mọ̀. Ó ṣí ara sílẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ wà níbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá mọ ìjàkadì á fà á. Mo na ọwọ́ láti fà á.

Ọwọ́ mi yà.

Ó lọ sí ọrùn rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ti sọ fún. Èmi ò sọ fún un. Mo dúró, mo ń wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ àlejò. Pẹ́ńpẹ́ rí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fa èjìká mi."

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀? Dìde jàre."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò dá. Wọ́n ti fi páànù tuntun sórí ibi tó ń jò.

Obìnrin tó wá láti ẹgbẹ́ mìíràn níjọ́sí tún padà wá láti bá Pẹ́ńpẹ́ ṣe ìdánrawò kẹ́yìn. Ó jókòó, ó ń bọ́ bàtà. Kóòṣì wà lórí fóònù níta. Mo kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, mo fẹ́ lọ mu omi, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi: "Èjìká ọ̀tún yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Pẹ́ńpẹ́ gbójú sókè. Mo ní kó yé wò mí, kó lọ wé tépù mọ́ ìka rẹ̀. Ó mú tépù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e. Kò dúró dáadáa. Láti ìgbà tí Kóòṣì ti ń ṣe é fún un, ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀.

Mo gba tépù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo wé e fún un níkọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ó le díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Mo mọ̀ pé ó le. Mi ò tú u.